Ọjọ́ mẹ́fà ní Òṣogbo pẹ̀lú aṣọ funfun tí mo bà jẹ́

Ọjọ́ Ajé

Kí n tó sọ bí mo ṣe rìn ín, ó yẹ kí n sọ ohun tó lé mi kúrò n'Íbàdàn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, oníbàárà mi kan gbé aṣọ òwú funfun, yáàdì márùn-ún, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àdó. Ìyá rẹ̀ ló ra aṣọ náà sílẹ̀ kó tó kú, tí kò rí i rán. Ó ní kí n fi rán bùbá àti ìró tí òun máa wọ̀ níbi ìrántí ìyá náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo da òróró sí máṣíìnì, n kò nù ún dáadáa, mo sì ká aṣọ náà lé e lórí títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo tú u, àbààwọ́n mẹ́ta ti wà lára rẹ̀. Èyí tó tóbi jù tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, ó tún hàn.

Oníbàárà pè, mo ní iná ni ò sí. Ó tún pè, mo ní ọmọ iṣẹ́ mi ń ṣàìsàn. Irọ́ méjèèjì yìí dùn mí ju òróró lọ, torí pé òróró ṣèèṣì ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo jókòó ro irọ́ jọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n gbé e lọ sí Òṣogbo ìlú aró. Ó ní tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ dúdú, kò sí ojú tó máa rí àbààwọ́n mọ́, kí n kàn sọ fún oníbàárà pé aṣọ aláró ló wà lóde báyìí. Mo gbà. Ohun tó gbé mi dìde láàárọ̀ òní nìyẹn, n ò ní fi pa mọ́.

Ní Ìwó Road, oníbàárà yìí kan náà ló tún ń pè mí bí mo ṣe ń wá ọkọ̀. Mo ń rojọ́ lórí fóònù, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ké "ọ̀kan péré ló kù!", mo kó wọlé láì béèrè ibi tí ọkọ̀ ń lọ. A ti gba orí afárá Aṣéjìrè kọjá. Mo ti wo omi tí wọ́n dí síbẹ̀, omi Ọ̀ṣun ni, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fa omi wá fún wa n'Íbàdàn. Láti kékeré ni mo ti ń mu omi odò yìí láì dé ìlú tó fi ṣe ibùjókòó rí. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ni mo tó mọ̀ pé Ifẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń lọ.

Awakọ̀ ní, "Àǹtí, ẹ má dààmú. Gbọ̀ngán ni ọ̀nà ti pín, ibẹ̀ ni màá ti já yín sílẹ̀." Ní Ìkirè a dúró díẹ̀, mo ra dòdò Ìkirè láti ojú fèrèsé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí á fi dúdú. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó mọ̀ pé ebi ń pa mí.

Ó lé ní wákàtí kan tí mo fi dúró ní Gbọ̀ngán. Màmá àgbàlagbà kan tó ń lọ sí Òṣogbo jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ó wo ọ̀rá tí mo gbá mọ́ àyà, ó ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀ tí o gbá a mọ́ra báyìí, ọmọ mi?" N kò mọ̀ ọ́n rí, kò mọ̀ mí rí. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó ní kí n má lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rẹ aṣọ lẹ́bàá títì, kí n wá sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí n béèrè Ìyá Aláró. Àbúrò òun ni. Ká ní mo wọ ọkọ̀ tó yẹ kí n wọ̀ ní Ìwó Road, n kì bá tí rí màmá yìí.

A gba Òdé-Òmu àti Ẹdẹ. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo dé ilé ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Òkè-Baálẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Wọ́n ti sọ fún mi, ìkánjú ò jẹ́ kí n gbọ́. Bí mo ṣe jí, ẹ̀bá títì ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló wà níbẹ̀, ó ti po kọ́síkì àti háídírò, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń po aró òde òní, sínú ike ńlá kan, ó ní láàárín wákàtí méjì òun á ti ṣe tán. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ní ká kọ́kọ́ dán igun kan wò. Igun tí àbààwọ́n tó kéré jù wà ló tì bọ inú ike. Ó fà á yọ, ó nà án sí atẹ́gùn. Gbogbo igun náà dúdú, àfi ojú kan láàárín rẹ̀ tó funfun bí ẹyinjú.

Ó ní, "Àǹtí, aṣọ yìí ti jẹ òróró. Mi ò ní gbowó yín."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Aṣọ tí mo gbé wá fún àtúnṣe ti wá ní igun dúdú kan báyìí. Mo ti fi àṣìṣe kejì lé ti àkọ́kọ́ lórí.

Ọ̀sán ni mo tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Aláró. Ìkòkò mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ri wọ́n mọ́lẹ̀ dé ìdajì, òórùn aró sì ti kún gbogbo àgbàlá. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò tíì sọ̀rọ̀ kankan tó fi tẹ́ aṣọ sórí itan rẹ̀. Ó ki ìka bọ omi, ó kán an sí ibi tó mọ́, omi rì wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kán òmíràn sójú àbààwọ́n. Omi náà dúró, ó rógódó bí ìlẹ̀kẹ̀, kò lọ síbì kankan.

"Ṣé o rí i? Omi ló ń gbé aró wọ aṣọ. Ibi tí omi ò bá ti wọ̀, aró ò lè débẹ̀." Ó gbé ojú sókè. "Ta ló ni aṣọ?"

"Oníbàárà mi ni, Màmá."

"Ṣé ó mọ̀?"

N kò dáhùn. Ó ká aṣọ náà, ó gbé e padà sọ́wọ́ mi. Ó ní òun kì í ti aṣọ aláṣọ bọ aró láìjẹ́ pé aláṣọ mọ̀, nítorí pé aró tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́. Ó rí omi lójú mi, ó ní ká ṣì rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ dúdú mọ́jú, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Kí n lọ ronú.

Kí n tó lọ, ó fi ohun kan hàn mí tí n ò ní gbàgbé. Ó mú ìdì àkísà kan sílẹ̀ láti ara ògiri, ó tú u. Gbogbo rẹ̀ á tó ogójì, kò sí èyí tó fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ara aṣọ tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń gé wọn pa mọ́. Ó ń fi ìka tò wọ́n bí ẹni ń ka ìwé: omi eérú ti pọ̀ jù nínú èyí, ó jẹ aṣọ, èlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, kò tíì kan tó nínú èyí, oorun gbé òun lọ nídìí èyí, ẹ̀kọ tí wọ́n fi dí ara rẹ̀ mọ́ aró là. Àwọ̀ búlúù tó wà níbẹ̀ kò jọra wọn rárá. Ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ òun kì í bẹ̀rẹ̀ látinú aṣọ tó dára, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́, ẹ̀gbọ́n màmá mi sọ ìtàn ìlú yìí fún mi, èyí tí mo ti gbọ́ rí láìfọkàn sí i. Lároòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn ènìyàn wọn wá láti Ìpólé nítorí ọ̀dá omi. Wọ́n dé ẹ̀bá odò, wọ́n ń gé igi láti tẹ̀dó, igi kan sì wó sínú omi. Ohùn kan jáde látinú odò, ó ní, "Oṣó igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán!" Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Òṣogbo ti wá. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn lálẹ́ yìí ni pé wọn ò sá. Wọn ò sọ pé afẹ́fẹ́ ló wó igi. Wọ́n dáhùn, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n rúbọ, wọ́n ṣí kúrò létí omi lọ sórí ilẹ̀ gíga, wọ́n sì bá Ọ̀ṣun mulẹ̀. Ẹja wá láti inú odò, ọba tẹ́wọ́ gbà á, ni oyè Àtaọ́ja fi wà títí dòní. Ìkòkò aró tó fọ́ ló bí ìlú yìí.

N kò sùn dáadáa.

Ọjọ́rú

Aago méje àárọ̀ ni mo pe oníbàárà mi. Mo ti kọ ohun tí màá sọ sórí ìwé, ṣùgbọ́n n kò wo ìwé náà. Mo ní òróró ló dà sí aṣọ wọn, èmi ni mo ṣe é, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ohun tí mo sọ nípa iná àti ọmọ iṣẹ́, irọ́ ni. Mo sọ ti igun tó dúdú náà.

Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Lọ́dọọdún ni màmá mi máa ń tú aṣọ yẹn wò. Wọ́n á fi sóòrùn díẹ̀, wọ́n á tún un ká." Ohùn wọn há. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀ ń jẹ́ kí n máa bẹ̀ yín." Wọ́n pa fóònù.

Mo gbà pé ó tọ́ sí mi. Mo jókòó sórí àpótí nídìí ìkòkò, n kò lè gbé nǹkan kan. Ìyá Aláró kò tù mí nínú, kò sì bá mi wí. Ó ń na aró inú ìkòkò rẹ̀ pẹ̀lú igi, ó ń dárin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé agbe ló laró kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn kì í ráhùn osùn.

Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, fóònù dún. Wọ́n ní, "Ẹ rẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dúdú tán, mo fẹ́ kí n ṣì máa rí funfun màmá mi níbẹ̀. Mo fẹ́ rí i kí ẹ tó gé e. Mi ò sì ní san owó ìránṣọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Aláró pé aláṣọ ní kí funfun kù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn.

Aṣọ ti gbẹ látinú omi ọṣẹ. Ìpọ́n àbààwọ́n ti lọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kán omi sí ojú méjèèjì tó kù, omi ṣì ń lọ́ra kó tó wọlé. Ó ní ibi tí kò bá fẹ́ gba aró, a ó fi ẹ̀kọ dì í, kó jẹ́ pé àwa la ní kó funfun. Láfún ló fi ń se ẹ̀kọ náà, ó fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, ó ki bí ògì tó fẹ́ dì. Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń yà á. Ó ya ẹyẹ kan yí àbààwọ́n tó tóbi jù ká, àbààwọ́n di ikùn ẹyẹ. Èkejì di ikùn ẹyẹ mìíràn. Lẹ́yìn náà ló wá ń tú ẹyẹ ká gbogbo aṣọ kí méjì yẹn má bàa dá wà. Ó gbé ìyẹ́ fún mi kí n ya ìlà tó wà láàárín wọn. Ọwọ́ mi tó ti ń gé aṣọ láti ogún ọdún, ó gbọ̀n bí ọwọ́ ọmọ jẹ́léósinmi. Ìyẹ́ ò fẹ́ kí èèyàn tẹ òun; wọ́n ń fà á ni.

A sá a. Ó ní kí n máa wo ojú ọ̀run, òun fẹ́ kírun Àsárì. Ara mi ti fúyẹ́ láti ìgbà tí oníbàárà ti pè. Mo jókòó, mo ń ka ẹyẹ, n kò wo òkè. Òjò dé lójijì. Kí n tó fa aṣọ wọlé, ẹ̀kọ apá kan ti yọ́, ẹyẹ mẹ́jọ ti di ẹrẹ̀ funfun.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Nígbà tó jáde, mo ní, "Màmá, ojú mi kúrò lókè." Ó ní ó dáa. Ó ní ká fọ gbogbo ẹ̀kọ náà kúrò, ká jẹ́ kó gbẹ, a ó tún un ṣe lọ́la ní ọ̀sán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá ṣàkíyèsí pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo máa sọ òótọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí.

Ọjọ́bọ̀

Torí òjò àná ni mo fi ní àárọ̀ kan tí n kò ní iṣẹ́. Ìyá Aláró ní kí n lọ kí Ọ̀ṣun, kí n má kàn wá kí n lọ bí èrò ọkọ̀.

Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin. Ọdún 2005 ni UNESCO fi sára àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Àwọn ọ̀bọ ń fò lórí ẹ̀ka, wọn ò sá fún èèyàn. Mo rí ère Ìyá Màpó, tó ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, iṣẹ́ aró àti ìkòkò mímọ, ó na apá púpọ̀ sókè. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ ju bí mo ṣe dúró níbòmíràn lọ. Amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ni, ewéko ti ń hù lára rẹ̀ níbì kan.

Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ló kọ́ ère yìí. Graz ní Austria ni wọ́n bí i sí ní 1915. Ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, wá sí Nàìjíríà ní 1950. Kì í ṣe òrìṣà ló bá wá. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló dá a dùbúlẹ̀, àìsàn yẹn ló sì yí ìgbé ayé rẹ̀ padà. Àwòrò Ọbàtálá kan ní Ẹdẹ, tí wọ́n ń pè ní Ajagẹmọ, ló fà á wọ inú ẹ̀sìn. Kò padà sílé mọ́. Òṣogbo ló kú sí ní oṣù kìíní ọdún 2009. Òun náà ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ o. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo yòókù ńkọ́? Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni kó tó di ẹni tí ayé ń wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Twins Seven-Seven bá olóògùn kan rìn wá jó ijó ni, ó dúró, ó di ayàwòrán. Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà tí Dúró Ládiípọ̀, òṣèré tíátà, dá sílẹ̀ ní 1962 gan-an, Mbari, ọ̀rọ̀ Igbo, ni orúkọ tí wọ́n mú wá láti Ìbàdàn. Etí àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ sí "m̀bá rí, m̀bá yọ̀," orúkọ tuntun sì dé. Ká ní ẹnì kan ti ń tún wọn sọ ni, a ì bá pàdánù rẹ̀.

Mo sọ̀kalẹ̀ dé etí omi. Inú mi bàjẹ́. Omi Ọ̀ṣun pọ́n bí ẹrẹ̀. Wíwa góòlù lápá òkè, lọ́nà Iléṣà, ló ń da ilẹ̀ sínú rẹ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó wá sọ́dún pé kí wọ́n má mu ún. Lójoojúmọ́ la ń fọ́ ìkòkò aró odò yìí, kò sì tíì sí ẹni tó dáhùn pé òun ni. Mo ní kí n sọ ọ́ síbí, torí inú ń bí mi sí i bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọ̀sán, mo padà sídìí ẹ̀kọ. Nígbà yìí mo wo ojú ọ̀run débi pé ọrùn dùn mí. Oòrùn ràn títí alẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì

Ọjọ́ aró. Ìyá Aláró ṣí ìkòkò kẹrin, ìfòfó orí rẹ̀ ń dán bíi bàbà. Ó ní kí n wọ ìbọ̀wọ́, mo kọ̀. Ó ti aṣọ bọlẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ẹ̀kọ má bàa là, ó mú un mọ́lẹ̀, ó ń mí bí ẹni ń ka nǹkan nínú. Ó fà á jáde.

Aṣọ náà kì í ṣe búlúù. Ewéko tútù ló jọ, ó pọ́n díẹ̀ bí ẹ̀fọ́ tó rọ. Ọkàn mi já. Mo ní, "Màmá, ó ti bàjẹ́!" Ó ní, "Dákẹ́, fún un láyè." Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Láti etí rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ búlúù ń rìn wọ inú àwọ̀ ewé bí òjìji ṣe ń rìn kọjá pápá, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kí n tó ka àádọ́ta, kò ku àwọ̀ ewé kankan mọ́. Ó tún tì í bọlẹ̀. Ìgbà méje la tì í, ìgbà méje ló ń jáde bí ohun tó bàjẹ́, tí a ń dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó gbẹ, a fi ọ̀bẹ tí kò mú ha ẹ̀kọ kúrò. Ẹyẹ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà mi kò gún dáadáa. Nígbà tí mo dé orí ẹyẹ tó ní àbààwọ́n nínú, ọwọ́ mi dúró, Ìyá Aláró ló bá mi ha á. Ó funfun.

Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé, kò dín kọ́bọ̀, inú mi sì dùn láti san án. Èékánná mi ti dúdú. Ó ní á tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì ibi tí ọkọ̀ ń lọ kí n tó wọlé. Oníbàárà mi ti ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó dé. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tú aṣọ sórí tábìlì, wọ́n wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ní, "Ibo ló wà?" Mo fi ìka tọ́ka sí ẹyẹ kan, mo tún tọ́ka sí èkejì. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé èyí tó tóbi. Wọ́n fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n ní, "Ẹ gé e."

Mo nu tábìlì, mo nu máṣíìnì, mo tún nù wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó tẹ́ aṣọ. Igun tó ní ojú funfun yẹn bọ́ sábẹ́ apá bí mo ṣe wọ̀n ọ́n, ó já bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìgékù yòókù. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí n máa mú un. Mo gé e ní ìwọ̀n ìka méjì, mo so ó mọ́ ìṣó tó wà lókè máṣíìnì.